Mo mú màmá mi lọ Àgbádárìgì láti Abẹ́òkúta, àlọ àtàbọ̀ ọjọ́ kan: bó ṣe rí nìyí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá làwọn èèyàn ti ń wá bá mi ní ìsọ̀ mi ní Ìtòkú pé báwo ni ìrìn àjò Àgbádárìgì témi àti màmá mi lọ ṣe rí, ṣé ó dáa, ṣé owó tí wọ́n ń gbà ò pọ̀ jù, ṣé àgbàlagbà lè lọ, mo sì ti dá bí èèyàn mẹ́wàá lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó kó wa lọ o, torí àwọn nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bá wọn wí, ohun tí mo sì rí lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo ò tó kí n fi ba ọjà ọmọ ẹlòmíì jẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹni yòówù kẹ́ ẹ ti sanwó, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí á wúlò fún yín.

₦35,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀sì alátẹ́gùn wà nínú ẹ̀, owó ìwọlé gbogbo ibi tá a dé wà nínú ẹ̀, gáìdì, ọkọ̀ ojú omi, oúnjẹ ọ̀sán àti omi ìgò kan. Èmi àti màmá, ₦70,000 nìyẹn, kì í ṣe owó kékeré fún ẹni tó ń ta àdìrẹ, mo ro ó dáadáa kí n tó ṣe tràǹsífà. Ṣùgbọ́n màmá mi ti pé ọdún 73, Aké ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un, láti kékeré ló ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ Sunday School pé Àgbádárìgì làwọn tó mú ìhìnrere wá sílé wa gbà wọlé, kò sì dé ibẹ̀ rí. Gbogbo àlejò tó bá wá ra àdìrẹ lọ́wọ́ mi ni mo máa ń mú gun Olúmọ, mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti débẹ̀, ìyá tó bí mi wá fẹ́ rí ibì kan ṣoṣo, ká máa sọ ọ́ lọ́dọọdún pé a máa lọ. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Kútọ̀ ni wọ́n ní ká ti pàdé, aago márùn-ún ìdájí. A ti débẹ̀ kí aago márùn-ún tó lù, pẹ̀lú fúláàsì tíì àti mọ́ínmọ́ín tí mo sè mọ́jú, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ò gbéra títí aago mẹ́fà fi kọjá ogún ìṣẹ́jú, torí wọ́n ń dúró de ìdílé kan tó ń bọ̀ láti Ọbáńtokò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá pẹ́ jù, ẹ máa lọ. Ibi tí àkókò tá a fi ṣòfò ní Kútọ̀ yẹn ti wá dùn wá, màá sọ ọ́ níwájú.

Bọ́ọ̀sì dáa ní tiẹ̀, ó mọ́, éésì ẹ̀ ṣiṣẹ́ láti Kútọ̀ débẹ̀, dẹrẹ́bà ò sáré àsápajúdé, àwa méjìdínlógún la wà nínú ẹ̀. A gba Ìfọ̀ dé Sàǹgó, a yà gba Ọ̀tà àti Àtàn já sí Àgbárá, ibẹ̀ la ti bọ́ sí títì tó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì. Ẹni tí ẹ̀yìn bá ń dùn, kó mú tìmùtìmù kékeré dání, torí ìjókòó yẹn pẹ́, aago mẹ́wàá ti kọjá dáadáa ká tó wọ ìlú. Nígbà tá a rí àgbọn lọ́tùn-ún lósì títí lọ, màmá ṣí jígí, ó ní òórùn omi lòun ń gbọ́.

Ní báyìí, gáìdì. Òun ló jẹ́ kí n lè sọ pé owó yẹn ò ṣòfò. Ọmọ Ẹ̀gùn ni, ọmọ bíbí ìlú, ó ń sọ Yorùbá tó já gaara pẹ̀lú ohùn Ẹ̀gùn lábẹ́ ẹ̀, bó ṣe rí màmá ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Màmá, níbo lẹ ti ń bọ̀?" Màmá ní Abẹ́òkúta. Ó ní, "Háà, Ẹ̀gbá! Ẹnu ọ̀nà ilé yín lẹ dé yìí o." Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ dídùn tí wọ́n fi ń gba àlejò ni, àfìgbà tó di ìrọ̀lẹ́ tí mo wá rí i pé òótọ́ pọ́ńbélé ló ń sọ.

Mùsíọ́mù la kọ́kọ́ wọ̀, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1863 tí àwọn aṣojú ìjọba òyìnbó ti fi ṣe ọ́fíìsì nígbà kan. Àwòrán àti àkọsílẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, ó dáa kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀ torí gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa rí lẹ́yìn ẹ̀ ló máa yé yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wákàtí méjì dá yín dúró síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe fún wa. Ohun tó wà nínú ìlú gan-an ló ṣòro láti gbàgbé.

Ilé Sẹ́ríkí Williams Abass ló tẹ̀ lé e, bàrákúùnù tí wọ́n ń pè é, ibi tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú pamọ́ sí kí ọkọ̀ tó dé. Ọdún 1840 ni wọ́n kọ́ ọ, yàrá ogójì ni wọ́n ní ó ní, gáìdì sì sọ pé èèyàn ogójì ni wọ́n ń rọ́ sínú yàrá kan. Mo wọ ọ̀kan, mo na ọwọ́ méjèèjì, ó kù díẹ̀ kí n kan ògiri, fèrèsé tó wà lókè ò ju ohun tí orí ọmọdé lè gbà jáde lọ. Gáìdì ní kí gbogbo wa wọlé pa pọ̀, àwa méjìdínlógún, ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré. Ká tó ka ọgọ́ta, ooru ti mú obìnrin kan tó bẹ̀ẹ̀ tó fi bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ jáde. Lẹ́yìn náà ló tó sọ iye tí wọ́n ń ta èèyàn fún wa, pé agboòrùn kan sí èèyàn ogójì. Agboòrùn kan! Mo ní agboòrùn mẹ́ta ní ìsọ̀ mi tí mo ta sórí ọjà.

Ibi tó wá gbò wá jù ni ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Sẹ́ríkí fúnra ẹ̀. Wọ́n ní Fárẹ̀mí lorúkọ ẹ̀ látilẹ̀, ọmọ Jógà Orílé ni. Màmá dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ní, "Jógà wo? Jógà tiwa lọ́hùn-ún ní Yewa?" Gáìdì ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ní ìpínlẹ̀ Ògùn yín níbẹ̀. Wọ́n mú ọmọ náà lẹ́rú, wọ́n tà á, ọ̀gá tó rà á, tó ń jẹ́ Williams, mú un dé Brazil, ó kọ́ èdè òyìnbó lóríṣiríṣi, nígbà tó padà wá sí Àgbádárìgì, òun náà di ẹni tó ń ta èèyàn, ó lówó, ó lágbára, ó di olórí lábẹ́ òyìnbó, ọdún 1919 ló kú, ibojì ẹ̀ wà nínú ọgbà ilé náà títí di òní, ìyàwó 128 àti ọmọ 144 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa sọ pé àwọn òyìnbó ló fa gbogbo ẹ̀. Gáìdì ò bá a jà, ó kàn ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, òyìnbó mú ọkọ̀ wá, àmọ́ ta ló rìn dé Jógà lọ mú ọmọ náà?" Ó wá fi kún un pé àwọn ìdílé tó wà nínú ìlú yìí, títí kan ìdílé tiòun, wọ́n mọ ohun tí àwọn bàbá wọn ṣe, wọn ò sì bò ó mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣí ilé wọn sílẹ̀ fún àlejò. Mo mọyì ẹ̀ gan-an. Mo ti bá gáìdì tó ń fi àwàdà bo gbogbo nǹkan rìn níbòmíràn, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá dé ilé, ẹ̀rín nìkan lẹ máa rántí. Èyí sọ òtítọ́ fún wa bó ṣe korò tó, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́.

A yà sí ọjà Vlekete, níbi tí wọ́n ti ń ná àwọn èèyàn bí ẹní ń ná ewúrẹ́, kò pẹ́ níbẹ̀. Ilé Mobee ló gba omijé lójú mi. Ilé ìdílé ni, wọ́n kó àwọn ohun tí wọ́n fi ń de ẹrú síbẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọrùn, ti ẹsẹ̀, irin tí wọ́n fi ń ti èèyàn lẹ́nu kó má bàa lè sọ̀rọ̀ tàbí jẹun, wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kàn án. Èyí tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kẹ́yìn kéré, mo bi wọ́n pé ti ọrùn ọwọ́ àgbà ni àbí, wọ́n ní rárá, tọmọdé ni. Ìbejì ni mo bí. Mo gbé e padà fún wọn kíá, mo jáde lọ dúró síta. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ kékeré dání, ìyẹn gan-an ni kó rò dáadáa, ọmọ tó bá ti tó ọdún mẹ́wàá lè lọ, tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Aago kan ti kọjá nígbà tá a dé jẹ́tì létí ọ̀sà, láti sọdá sí erékùṣù Gberefu. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí o. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó síwájú wa ò pé, mẹ́rìnlá ni, mẹ́ta nínú ẹ̀ sì ti já níbi tí wọ́n ti ń dè é. Ẹni tó ni ọkọ̀ ní kò sí nǹkan kan, omi náà ò jìn, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Mo ní èmi àti màmá mi ò ní gbé ẹsẹ̀ wọ ọkọ̀ láìjẹ́ pé gbogbo èèyàn ní èyí tó dáa lọ́rùn. Àwọn kan nínú wa ń kùn pé mò ń fi àkókò ṣòfò, sístà tó kó wa wá gan-an ò sọ nǹkan kan, òun ló sì yẹ kó sọ̀rọ̀. Gáìdì yìí náà ló tún lọ bá ọlọ́kọ̀ kejì, ó yá jákẹ́ẹ̀tì wá, ó yẹ ìdè ti màmá wò lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ fọwọ́ ara yín fa ìdè ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ má tijú ẹnikẹ́ni. Omi ò mọ bàbá ẹni.

Ní òdìkejì, iyanrìn ni, ẹsẹ̀ èèyàn á máa rì, oòrùn á sì ti kan àtàrí. Ìrìn bí i ìdajì wákàtí ni kẹ́ ẹ tó dé etí òkun. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wa ní Abẹ́òkúta, bí wọ́n bá sọ, ǹ bá ti jẹ́ kí màmá wọ bàtà kámbáàsì dípò sálúbàtà tó wọ̀. Ọ̀kadà wà níbẹ̀, wọ́n gbé màmá lọ gbé e bọ̀, àpò mi ni mo ti sanwó ẹ̀, wọn ò kà á mọ́ ₦35,000. Ẹ mú owó kékeré dání, torí kò sí ẹni tó fẹ́ gba tràǹsífà lórí iyanrìn yẹn.

Láàrin ọ̀nà ni kànga kan wà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé wọ́n máa ń mú àwọn ẹrú dúró níbẹ̀, wọ́n á fún wọn mu nínú omi ẹ̀, kí wọ́n lè gbàgbé ilé wọn, kí wọ́n má bàa ṣagídí nínú ọkọ̀. Àwọn èèyàn ń ya fọ́tò. Màmá mi sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó rọra rìn dé ẹ̀bá kànga, ó di gèlè ẹ̀ le, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ilé bàbá ẹ̀. Kò pariwo. Láti orí baba ńlá wọn tó tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, dórí ìyá bàbá ẹ̀, dórí bàbá tó bí i, ó ń kì wọ́n lọ tẹ̀léra tẹ̀léra, nǹkan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ láti ìgbà tá a ti sìnkú àbúrò ẹ̀. Àwọn tó ń ya fọ́tò sọ fóònù wọn kalẹ̀. Gáìdì ṣí fìlà. Nígbà tí màmá parí, ó ní fún mi pé, "Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ ká máa lọ," a sì lọ.

Etí òkun, òpó méjì ló dúró gbọọrọ tó kọjú sí omi, ibi tí wọ́n ń pè ní ibi àlọ àìbọ̀. Ìgbì ibẹ̀ lágbára, ẹ má wọnú ẹ̀. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ojú ara yín rí i. Ohun tó bí mi nínú ni pé wákàtí kan gbáko la lò níbẹ̀ torí àwọn tó kó wa lọ fẹ́ ya fídíò tí wọ́n máa fi polówó ọjà wọn, wọ́n ní ká máa rìn lọ, ká máa rìn bọ̀, ká juwọ́. Mo gbà pé ọjà ni, èmi náà ń tajà, ṣùgbọ́n oníbàárà ló sanwó ọjọ́ yẹn.

Oúnjẹ ńkọ́? Jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n ti sè láti òru ní Abẹ́òkúta ni wọ́n gbé fún wa, ó ti tutù, ẹran ẹ̀ ti gan. Ìlú tó wà lẹ́bàá ọ̀sà, tó wà lẹ́bàá òkun, tí ẹja tútù ń fò nínú agbọ̀n! Mo fi tèmi fún ẹni tó fẹ́ ẹ, mo mú màmá lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ nítòsí jẹ́tì, a jẹ ẹ̀bà gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù, ata ẹ̀ ta dáadáa, ẹja náà ṣì ní adùn omi lára. Màmá tó jẹ́ pé láfún ló ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́ fọ abọ́ mọ́. A tún ra àgbọn márùn-ún, àti súìtì àgbọn fún àwọn ọmọ, owó ẹ̀ ò tó ìdajì iye tí wọ́n ń ta á ní Panṣẹ́kẹ́.

Aago mẹ́rin ti kọjá ogún ìṣẹ́jú ká tó dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nárì kọ́, ilé alájà méjì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Sístà yẹn wá sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré la ní o, torí dẹrẹ́bà fẹ́ kọjá Àgbárá kí gò-síló tó dì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Ibi tó jẹ́ pé torí ẹ̀ ni màmá mi ṣe jí ní aago mẹ́ta òru. Wákàtí tá a sọnù ní Kútọ̀ àti wákàtí fídíò, ibí ni wọ́n ti gbẹ̀san lára wa.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí ilé yìí fi jẹ́ tiwa, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tá a jọ lọ ò mọ̀. Ìgbà tí Abẹ́òkúta ò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó lábẹ́ Olúmọ ni àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n kó lọ sí Freetown bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà ilé, láti bíi 1839. Àwọn kan gba Èkó, wọ́n gba ẹrù wọn lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, ni Àgbádárìgì bá di èbúté tí wọ́n ń sọ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹsẹ̀ rìn wá bá àwọn èèyàn wọn ní Abẹ́òkúta. Àwọn tó ti padà wálé yìí gan-an ló ránṣẹ́ pé kí àwọn oníwàásù máa bọ̀. Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ ní September 1842, abẹ́ igi Àgíà ló ti wàásù, oṣù December ọdún náà ló dé ọ̀dọ̀ Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ní Abẹ́òkúta, bó ṣe ń padà bọ̀ ló bá Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nárì ìjọ Áńgílíkà, pàdé ní Àgbádárìgì ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì, Townsend náà gbéra, ó wọ Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 4 oṣù January 1843. Ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì wa fi bíi wákàtí mẹ́rin rìn yẹn ni wọ́n fẹsẹ̀ àti ẹṣin tọ̀.

Ọdún 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé yìí lélẹ̀, wọ́n parí ẹ̀ ní 1845. January 1845 yẹn ni Townsend, Gollmer àti Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ pé àwọn ń bọ̀ ní Abẹ́òkúta tààrà, ìròyìn bá dé pé Ṣódẹkẹ́ ti kú, ogun sì dí ọ̀nà. Ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi há sí Àgbádárìgì. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, wọ́n ń wàásù, Crowther ń ṣiṣẹ́ lórí ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. August 1846 ni òun àti Townsend tó wọ Abẹ́òkúta, oṣù kan náà yẹn ni Crowther fojú kan Àfàlá ìyá ẹ̀, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n ti kó òun lẹ́rú ní Òṣoògùn.

Gbogbo ìyẹn, gáìdì fẹ́ sọ ọ́, ó ń sáré sọ ọ́, sístà ń wo aago. Àtẹ̀gùn ilé náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, pákó ni, gáìdì di màmá mú lọ́wọ́ ọ̀tún, èmi wà lẹ́yìn, ó gun ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lókè níbẹ̀, Bíbélì Yorùbá àtijọ́ kan wà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àlejò. Ìwé Róòmù ló kọ́kọ́ jáde nínú iṣẹ́ Crowther, ní 1850, odindi Bíbélì Yorùbá sì di ìwé kan ní 1884. Màmá ò ka nǹkan kan, kò mú gíláàsì ẹ̀ dání. Ó kàn dúró níwájú fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà, ó bi gáìdì léèrè pé, "Fèrèsé yìí ni Àjàyí á ti máa wòta, nígbà tí kò tíì mọ̀ pé ìyá òun wà láyé?" Gáìdì ní, "Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Màmá ní ọdún kan ààbọ̀, ìyá ẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta, òun wà níbí, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jókòó sórí àga tí wọ́n bá a gbé wá ni wọ́n fọn fèrè bọ́ọ̀sì nísàlẹ̀.

Igi Àgíà, a ò sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Igi náà ti wó láti 1959, òkúta ìrántí ni wọ́n gbé dúró sí ipò ẹ̀, láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti nàka sí i. Kànga tí àwọn míṣọ́nárì gbẹ́, a kàn rí i fìrí ni. Ibojì àwọn míṣọ́nárì, a ò débẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ètò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ohun tí wọ́n bá ti kọ tí wọ́n sì gbowó lé lórí, ó yẹ kí wọ́n ṣe é.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ la padà dé Kútọ̀, dẹrẹ́bà sì ṣe èèyàn, ó gbé àwọn àgbàlagbà dé ìtòsí ilé wọn láìgbowó. Màmá ti sùn láti Ìfọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní kí n fún wọn ní máàkì, gáìdì gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, bọ́ọ̀sì àti dẹrẹ́bà gba mẹ́jọ, oúnjẹ méjì, ètò àkókò mẹ́ta, ọkọ̀ ojú omi, mi ò ní fún un ní nǹkan kan títí wọ́n á fi tún jákẹ́ẹ̀tì wọn ṣe. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, màá ní kẹ́ ẹ lọ, pàápàá tẹ́ ẹ bá jẹ́ Ẹ̀gbá, pàápàá tẹ́ ẹ bá ní òbí tó ṣì lágbára láti rìn. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé aago mélòó la máa dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìṣẹ́jú mélòó la máa lò níbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Tí ọ̀rẹ́ bá pọ̀ tó láti kún bọ́ọ̀sì, ẹ lè háyà bọ́ọ̀sì fúnra yín, kẹ́ ẹ wá gba gáìdì ọmọ ìlú tẹ́ ẹ bá dé mùsíọ́mù, mo rò pé ìyẹn gan-an á dáa jù.

Mo pe sístà yẹn lọ́jọ́ Ajé, mo sọ gbogbo ohun tí mo kọ síbí fún un pátá, kò bínú, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá lórí fóònù, ó ní nínú December tí wọ́n bá tún ń lọ, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì làwọn máa kọ́kọ́ yà kí oòrùn tó le, erékùṣù á wá tẹ̀ lé e. Màmá ti ní òun máa lọ, òun àti àbúrò ẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Lafẹ́nwá, ó sì ti fi gíláàsì ẹ̀ sínú báàgì tó fẹ́ gbé. Tá a bá lọ tá a bọ̀, màá kọ bó ṣe rí síbí.